Àpótí sáyẹ́ǹsì nípa bí irúgbìn ṣe ń rìn: irinṣẹ́ rẹ̀ dára, irúgbìn inú rẹ̀ ni kò dára

Òbí tàbí tíṣà tó bá ti rí àpótí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń tà káàkiri àwọn ilé ìtàwé Ìbàdàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èyí tí wọ́n ya òdòdó funfun kan tí atẹ́gùn ń tú sí ara páálí rẹ̀, kó fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi kó tó fowó síta. ₦14,500 ni mo ra tèmi ní Dùgbẹ̀. Àwọn ọmọ Primary 5 ni mo ń kọ́, èmi pẹ̀lú wọn la sì jọ lò ó láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé. Máàkì 6 nínú 10 ni mo fún un. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ló gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Irúgbìn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ló pàdánù méjì. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ló pàdánù méjì yòókù, nítorí ó fo ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù lọ tí irúgbìn ń gbà rìn nínú igbó tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó wù mí bẹ̀rẹ̀. Téèpù ìwọ̀n onímítà 3 wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete. Aago kékeré kan wà tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, kì í há, ó sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá títí dé ìdá ọgọ́rùn-ún. Awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wà, dígí gidi ni, kì í ṣe ike. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìwé tí ọmọ yóò máa kọ èsì rẹ̀ sí. Òpó àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní kí ọmọ kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè mẹ́ta ló wà fún ìgbà mẹ́ta tí yóò sọ irúgbìn kan náà sílẹ̀, kó tó wá ṣe ìpíndọ́gba. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ̀ pé ọmọ kì í fẹ́ ṣe nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán nìyẹn. Ìwé yìí kò gbà fún un, nítorí àyè tó ṣófo yóò máa wò ó lójú ni.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé irúgbìn tó bá wúwo jù ni yóò lọ jìnnà jù, torí pé òkúta wúwo, ó sì máa ń lọ jìnnà bí a bá jù ú. Ìrònú gidi nìyẹn, mo sì yìn ín fún un. Ìgbà tó wọn ọ̀nà tí irúgbìn rìn lẹ́ẹ̀mẹta fúnra rẹ̀ ló tó gbà pé ohun tí ọwọ́ jù yàtọ̀ sí ohun tí atẹ́gùn gbé. Bí kò bá sí òpó àkọ́kọ́ yẹn, èmi tíṣà rẹ̀ kì bá tí mọ̀ pé bó ṣe rò ó nìyẹn.

Irúgbìn inú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rá mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni dandelion, òdòdó ara páálí yẹn gan-an. Nígbà tí a máa já a, irun orí rẹ̀ ti wó mọ́ra, kò lè fò mọ́. Ìkejì ni maple, igi ilẹ̀ òtútù tí èso rẹ̀ ní ìyẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ni ìyẹ́ rẹ̀ ti kán. Ìkẹta ni èso burdock tó máa ń fi ìkọ́ dì mọ́ aṣọ, òun nìkan ló dé láàbò ara. Mi ò sọ pé irúgbìn burúkú ni wọ́n o. Ọmọ tó ń gbé ní Manchester á máa rí dandelion létí ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀, yóò sì lọ já òmíràn bí ti inú ọ̀rá bá bàjẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ò lè rí òmíràn já. Bí ti inú ọ̀rá bá ti tán, ẹ̀kọ́ tán nìyẹn.

Nítorí náà mo kó ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ kó tiwa wá.

Fún ti atẹ́gùn, igi afárá ni mo kọ́kọ́ mú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni èso rẹ̀ máa ń gbó. Èso kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ méjì tó fẹ́lẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kóró wà láàárín. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé ìwé wa, tó tó bíi mítà 3 sí ilẹ̀. Ọmọ kan di èso mú lókè, ẹnì kejì di aago mú nísàlẹ̀. Èso tí ìyẹ́ rẹ̀ pé lò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó balẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lójú afẹ́fẹ́. A wá fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ méjèèjì dànù, a tún sọ kóró yẹn náà sílẹ̀ láti ibi kan náà. Kí ọmọ ìsàlẹ̀ tó rójú tẹ aago, ó ti kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù ńlá kan nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Ó ní kí ọmọ fi dandelion wé maple. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ ní ìwúwo, wọ́n yàtọ̀ ní ìtóbi, wọ́n sì yàtọ̀ ní ìrísí. Bí ọ̀kan bá pẹ́ lókè ju èkejì lọ, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ fẹ́ sọ pé ó fà á? Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí a yí padà, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà. Sísọ́ọ̀sì tí a fi gé ìyẹ́ afárá kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìyẹn láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bomubómu ló tẹ̀ lé e. Ó pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Bí èso rẹ̀ bá gbó tó sì là, ẹ fi awò inú àpótí wò ó: irúgbìn pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdì irun funfun gígùn lórí tó ń dán. Àgbàlagbà ni kó já a o, torí oje funfun rẹ̀ lè ba ojú ọmọ jẹ́. Kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án sì fọ ọwọ́ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ fò kọjá ọgbà ilé ìwé, àwọn ọmọ sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, wọn ò rí ibi tó bà sí. Òpó èsì ṣófo fún ìyẹn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ó kọjá ohun tí a lè wọ̀n”, èsì nìyẹn náà. Ewé Akíntọ́lá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà tó sì ti gba oko wa kan. Bí ẹ bá gbọn ẹ̀ka rẹ̀ kan nígbà ọyẹ́, ẹ ó rí ìdí tí àwọn àgbẹ̀ ò fi lè kápá rẹ̀.

Fáànù oníbátìrì tó wà nínú àpótí ò lágbára rárá. Fáànù onídùúró ni a lò nígbà tí iná bá wà, a sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, kí ìwọ̀n má bàa yí padà lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà tí ìwé yẹn kò mẹ́nu bà. Púpọ̀ nínú àwọn igi wa tó ń fi irúgbìn rán atẹ́gùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso wọn ń gbó. Ewé ti wọ́ dànù nígbà náà, atẹ́gùn ráyè kọjá láàárín ẹ̀ka, ara irun irúgbìn sì gbẹ. Àràbà tó lè ga ju mítà 50 lọ, bó bá tú òwú rẹ̀ sílẹ̀ láti òkè yẹn lásìkò ọyẹ́, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, irun wọn á lẹ̀ mọ́ra, ìdánwò yín kò ní lọ bó ṣe yẹ.

Ìwé ìtọ́sọ́nà béèrè ìbéèrè kan tó dára: kí nìdí tí irúgbìn fi ní láti kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀? Ìdáhùn tó fún un ni pé “kí ó lè rí àyè.” Òótọ́ ni, ìmọ́lẹ̀, omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀ kì í tó pín lábẹ́ igi ńlá. Ṣùgbọ́n ó ku ìdajì. Ní 1970 ni Daniel Janzen, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èyí, Joseph Connell náà sì kọ tirẹ̀ ní 1971. Ohun tí àwọn méjèèjì tọ́ka sí ni pé kòkòrò àti àrùn tó ń jẹ irú igi kan máa ń kóra jọ sí abẹ́ igi náà, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn pọ̀ sí. Ọmọ tó bá hù sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, àárín ọ̀tá ló hù sí. Mo kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi mọ́ńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé, mo ní kí wọ́n wo ewé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbẹ̀. Kò sí èyí tí kòkòrò kò lu ihò sí lára nínú èyí tí wọ́n fi hàn mí.

Mo wá dé orí omi, ibi tí inú mi ti dùn jù. Abọ́ rọ́bà kan àti ọkọ̀ ojú omi kékeré oníke ni wọ́n fi sínú àpótí. Kí ni ọkọ̀ oníke fẹ́ kọ́ ọmọ nípa irúgbìn? Mo yọ ọ́ sọnù. Mo kó èso furúùtù, odidi àgbọn tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀, kóró agbálùmọ̀, àti ọmọ ayò tí bàbá mi fi ń ta ayò. Àgbọn léfòó, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Furúùtù náà léfòó. Nígbà tí mo mú ọmọ ayò, gbogbo wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò rì, torí ó le, ó ń dán, ó sì ń dún bí òkúta lójú ọpọ́n. Mo sọ ọ̀kan sínú omi, ó rì díẹ̀, ó sì ta padà sókè. Mo sọ òmíràn, òun náà léfòó. Ariwo ta. Àyè wà láàárín kóró àti èèpo líle tó bò ó, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló gbé e ró, èèpo yẹn kì í sì í jẹ́ kí omi wọlé. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń so ayò máa ń hù létíkun, irúgbìn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí òkun ń gbé rìn jù láyé. Wọ́n ti ṣa á létíkun Scotland níbi tí igi rẹ̀ kò lè hù sí. Àwọn ọmọ tó ń wo bàbá bàbá wọn lójú ọpọ́n ayò láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé arìnrìn-àjò òkun ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìwé àpótí yẹn sọ pé àgbọn léfòó lójú òkun títí ó fi dé gbogbo etíkun ayé. Kí ẹ ṣàtúnṣe ìyẹn fún ọmọ yín. Àgbọn lè léfòó lọ jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, ọkọ̀ àwọn Pọ́tugí ló gbé e wá láti ìhà Òkun Íńdíà, lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti rí ọ̀nà ibẹ̀ ní 1498.

Lórí irúgbìn tó ń dì mọ́ ara, aṣọ onírun tí wọ́n fi sínú àpótí wúlò. Burdock dì mọ́ ọn dáadáa. Abẹ́rẹ́ olóko dì mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀mọ́ náà kò sì kẹ̀rẹ̀. Ẹ fi awò wo orí abẹ́rẹ́ olóko: ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan sì tún ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti wọ aṣọ tí kò sì rọrùn láti jáde. Ìwé náà sọ ìtàn George de Mestral, ẹnjiníà ará Switzerland tó ṣàkíyèsí burdock lára ajá rẹ̀ ní 1941 tó sì ti ibẹ̀ ronú kan Velcro tó wà lára bàtà àwọn ọmọ. Ìtàn náà dára, ó sì dùn mọ́ wọn.

Èyí tó ń bẹ́ fúnra rẹ̀ ni àpótí náà fi sípíríǹgì oníke ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kán. Ọgbà òdòdó Pride of Barbados ló yí ilé ìwé wa ká, èso rẹ̀ sì ń bẹ́ lọ́sàn-án gangan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ tán, èèpo méjèèjì á fẹ́ lọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á fà, á fà, títí yóò fi ya “pá!” tí irúgbìn á sì fọ́n jáde. A tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ láti fi mọ ibi tí wọ́n ń bà sí. Àwọn kan fò kọjá téèpù onímítà 3, ni mo fi ní kí àwọn tó ṣe àpótí yìí fi onímítà 5 sí i.

Ojú ewé tó sọnù nínú ìwé náà wá ńkọ́? Lábẹ́ “ẹranko”, irúgbìn tó ń dì mọ́ irun nìkan ló wà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa èyí tí ẹranko ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú igbó olóoru bíi tiwa, èyí tó lé dáadáa ní ìdajì àwọn igi, ẹnu àti ikùn ẹyẹ, ọ̀bọ àti àdán ni irúgbìn wọn ń gbà rìn. Ìrókò tí gbogbo Yorùbá ń bẹ̀rù, irúgbìn rẹ̀ kéré, àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru tó sì ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń fò lọ. Ẹni tó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti rí àwọn àdán náà bí wọ́n ṣe ń ṣú bo ojú ọ̀run. Àwọn èso ńláńlá kan wà tí ó jẹ́ pé àjànàkú ló lè gbé wọn mì lódidi, àjànàkú sì ṣì wà nínú igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí wọ́n bá pa wọ́n tán, irú igi bẹ́ẹ̀ á máa so èso, èso á máa jẹrà sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí pé ọmọ tó bá parí àpótí yìí láìgbọ́ ọ á rò pé atẹ́gùn ló gbin igbó.

Ìdánwò rẹ̀ kò sì le. A jẹ gúáfà, a fọ kóró rẹ̀, a gbìn ín sínú ike kan. A gbin ìdajì gúáfà tó ní ẹran lára sínú ike kejì. Èyí tí a fọ̀ hù. Èkejì hu olú, ó sì rà. Ohun tí ikùn ẹyẹ ń ṣe fún kóró, àwọn ọmọ rí i kedere níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lọ máa ṣa irúgbìn nínú ìgbẹ́ àdán, bó ti wù kí ìyẹn dà bí ẹ̀kọ́ tó. Lára àdán ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Lagos bat virus ní 1956, mọ̀lẹ́bí àrùn dìgbòlugi sì ni. Kí a fi ojú wo àdán láti òkèèrè, ó tó.

Ilé ìtàwé tí mo ti rà á ṣe dáadáa sí mi. Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp nípa fáànù àti ọ̀rá tó bàjẹ́. Ọkùnrin tó wà nídìí ọjà dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà: “Ẹ má bínú ma, ẹ gbé e wá, a ó pààrọ̀ fáànù fún yín. Ti irúgbìn, bí wọ́n ṣe ń dé náà nìyẹn.” Ó pààrọ̀ fáànù lóòótọ́. Mo bi í bóyá ó lè ta téèpù, aago, awò àti ìwé èsì lọ́tọ̀, ó ní, “Ànti, odidi páálí ni wọ́n ń gbé fún wa, a kì í tú u.”

Tíṣà tó bá fẹ́ rà á, páálí kan tó fún kíláàsì kan. Àwọn ọmọ mi fi rúlà fa òpó yẹn sínú nóòtù wọn, kò sí ìdí láti ra méjì. Òbí tó bá ti ní aago lórí fóònù rẹ̀ àti téèpù télọ̀ nílé, tó sì lè fa irú òpó bẹ́ẹ̀ sórí ìwé, kò nílò rẹ̀, àfi bó bá ń fẹ́ awò yẹn. Ẹ rà á nínú oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó wọlé, kí ẹ sì tọ́jú ọmọ ayò sílẹ̀ dè é.